Ọ̀rọ̀ Tí Ọkọ Mi Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Màámi,

Ara wa le, ilé wa ń móoru, mo sì ti ń gbọ́ èdè Jámánì díẹ̀díẹ̀. Lánàá, olùkọ́ wa kọ́ wa ní "ledig": ẹni tí kò gbéyàwó rí. Ó ní bó bá ṣáájú "ọkùnrin", á ní ìrù: "lediger".

Háà, Màámi, orí mi fò lọ! "Ledig" yìí gan-an ni mo rí nínú fọ́ọ̀mù tí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa ara rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Mo bi í. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, àṣìṣe ni, èdè wọn le." Òun tó ń ṣe ògbufọ̀ èdè náà nílé ẹjọ́!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́tò ìgbéyàwó wa ránṣẹ́ sí mi, èyí tí ọkọ mi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá. Mo kàn fẹ́ gbé e kọ́ pálọ̀ ni. Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé àna wọn ń kí wọn.

Ọmọ yín.