Fèrèsé Tó Kọjú sí Ọ̀nà

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ìsinmi níbẹ̀. Ọyẹ́ ti dé sí Parakou. Eruku pupa ti bo ewé máńgòrò ilé wa, ètè gbogbo wa sì ti ń là. Ṣé ọyẹ́ máa ń mú níbi tí ẹ wà?

Mo ti wọ lisé tẹkiníkì, ilé-ìwé iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ fẹ́ kí n lọ. Ilé yíyà ni mo yàn. Àwa obìnrin ò pọ̀ nínú kíláàsì wa, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ mi lára. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni bí a ṣe ń ya ilé bí ẹni pé a ti ṣí òrùlé rẹ̀ kúrò, tí a sì ń wò ó láti òkè. Nígbà mìíràn, mo máa ń rò ó pé bóyá bí ẹ ṣe ń rí wa nìyẹn.

Madamu olùkọ́ wa ní kí kálukú ya ibi tí ẹnì kan máa lò. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ni mo yà fún yín. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ yín tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀ kiri àgbàlá, tí ẹ ó há abẹ́rẹ́ sẹ́nu, tí ẹ ó máa fi imú dáhùn bí a bá kí yín. Mo fi fèrèsé sí gbogbo ògiri, kí ẹ lè jókòó sójú kan. Oòrùn ọ̀sán mú, oorun gbé mi lọ lórí tábìlì. Mo rí yín tí ẹ ń fẹsẹ̀ lásán rìn lórí bébà náà, ẹ ń wá ibi tí ẹ máa gbé ẹ̀rọ sí. Ẹ ò gbójú sókè. Mo fẹ́ pè yín, ẹnu mi wúwo. Nígbà tí mo jí, ilà pẹ́ńsùlù wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

Madamu wo àwòrán náà pẹ́. Ó béèrè ẹni tó máa lò ó. Mo ní bàbá mi ni. Ó mọ̀ pé ẹ ti lọ. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

“Ọmọ mi, ó dára. Ṣùgbọ́n alààyè là ń yàwòrán fún. Ta ló kù nílé yín tó ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀?”

Inú bí mi títí mo fi délé ní Ladjifarani. Màmá mi wà nínú yàrá yín, ibi tí ó máa ń wà látìgbà tí ẹ ti lọ. Ó ti ṣe opó tán tipẹ́, síbẹ̀ kò padà sí ibi tó ti ń taṣọ ní ọjà Arzèkè, orí ló sì fi ń dá wa lóhùn. Fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò ló kọjú sí. Ó ń ṣa ẹ̀wà nínú òkùnkùn, ìka ló fi ń wá òkúta. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìbínú náà sì lọ.

Mo mú bébà mìíràn. Mo ya yàrá yẹn, mo fi fèrèsé sí ògiri tó kọjú sí ọ̀nà, mo sì fi páálí ṣe é ní kékeré. Àmọ́ Bàbá Kékeré, àbúrò yín, tí wọ́n ń mójú tó ilé báyìí, wọn ò gbà.

“Ẹ̀gbọ́n mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ ògiri yẹn. Ẹnikẹ́ni ò ní dá a lu.”

N kò bá wọn jiyàn. Mo gbé ilé páálí náà sínú oòrùn níwájú wọn, mo yọ fèrèsé rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n lóṣòó, wọ́n fi ojú kan sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀.

“Ibo ni ìyá rẹ máa jókòó?”

Mo fi ìka hàn wọ́n. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bàbá Kékeré àti mọlémọlé ni wọ́n jọ dé.

Bàbá mi, nígbà tí òòlù kọ́kọ́ ba ògiri yín, ṣé ó dùn yín? Ṣé ẹ ń bínú sí mi?

Màmá kọ́kọ́ ń ráhùn eruku. Ṣùgbọ́n lánàá, obìnrin tó ń ta wàgásì, wàrà tí ẹ fẹ́ràn, ń kọjá, ó rí i lójú fèrèsé, ó dúró.

“Ìyàwó télọ̀, mo rò pé ẹ ti kó kúrò níbí.”

“Ibo ni mo fẹ́ kó lọ? Ẹ̀yìn ògiri ni mo wà.”

Ó rẹ́rìn-ín. Màmá mi rẹ́rìn-ín, mo dúró ní àgbàlá pẹ̀lú garawa omi lọ́wọ́. Obìnrin náà gbé igbá rẹ̀ lé ojú fèrèsé, wọ́n sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ni wọ́n kọ́ wa nílé-ìwé bí a ṣe ń ṣètò fún. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ènìyàn pẹ̀lú máa ń gba ojú fèrèsé wọlé.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Màmá ní kí n bá òun wá bàtà tí òun fi ń lọ sọ́jà. Mo rí i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti fọ̀ ọ́, mo sì sá a sórí ògiri àgbàlá. Ó ti ń gbẹ.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí ọkàn rẹ̀ ò kúrò lọ́dọ̀ yín.