Ìjókòó Ẹ̀yìn Alùpùpù Yín

Bàbá mi, tí mi ò rójú dágbére fún,

Alùpùpù yín kúrò lẹ́yìnkùlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ti gbé e lọ sọ́dọ̀ Kàrímù mẹkáníìkì lẹ́bàá Ọjà Ọba. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gùn ún padà síbi iṣẹ́ àwọn ní Jos. Jos kẹ̀, Bàbá. Ohun tí ẹ̀yin ń rọra gùn lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Ìgbẹ́mọ, tí ẹ bá dórí òkè, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ kó sinmi bí ẹni pé ẹṣin ni.

Mo fura. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, mọ́tò ni Bàbá Kékeré ń wọ̀ lọ wọ̀ bọ̀. Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà tí ẹ kú ni wọ́n mọ̀ pé alùpùpù dùn ún gùn? Mo bá lọ ń ṣọ́ Kàrímù. Mo fi ìṣó ha àmì sára gbogbo ohun tó ṣeé tú, kó má baà fi ògbólógbòó pààrọ̀ wọn. Kò pààrọ̀ nǹkan kan. Ó fi táyà tuntun sí i, ó da óìlì dúdú nù, ó wé ẹ̀wọ̀n àti púlọ́ọ̀gì àpamọ́ sínú àkísà, ó jó irin mọ́ káríà kó lè gba àpótí. Ìgbà tí mo rí i tó ń rán fóòmù sí ìjókòó ẹ̀yìn ni ọkàn mi dàrú. Ta ni yóò jókòó síbẹ̀?

Yèyé ni mo rò. Ẹ má bínú. Ẹ ṣáà mọ àṣà ilé wa, bí ọkọ bá kú, àbúrò rẹ̀ a máa ṣú opó rẹ̀. Àwọn méjèèjì sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nídìí ààrò. Bí mo bá wọlé, ó di ọ̀rọ̀ iṣu. Mo wá sín Bàbá Kékeré jẹ níwájú Kàrímù, bí wọ́n ṣe ń fa imú kí wọ́n tó purọ́. Kàrímù rẹ́rìn-ín títí spánà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló tú àṣírí. Ó ní kí n máa ṣeré lọ, èmi tí wọ́n ń torí ẹ̀ rán fóòmù. Bàtà mi tó sọnù tí mo ń wá ni wọ́n fi wọn irin tí n óò máa gbẹ́sẹ̀ lé.

Mo sáré lọ bi Yèyé pé kí ni mo ṣe. Wọ́n ń bó iṣu lọ, wọn ò gbójú sókè.

"Ohùn bàbá rẹ ni mi ò lè máa gbọ́ mọ́ nínú ulé yìí."

Bàbá, ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, méjì kúkurú, ọ̀kan gígùn, kí Yèyé lè wá gba báàgì? Oṣù kejì tí ẹ lọ, mo wúkọ́ bẹ́ẹ̀. Yèyé ti na ọwọ́ jáde kí wọ́n tó rí i pé èmi ni. Wọn ò nà mí. Mo tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyẹn. Èmi náà fẹ́ gbọ́ ọ ni.

Yèyé ní ọdún kan péré ni n óò lò ní Jos lọ́dọ̀ Bàbá Kékeré, pé nígbà tí mo ti kọ sùkúù sílẹ̀, n óò kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, iṣẹ́ ajórin, lọ́hùn-ún. Mi ò gbà wọ́n gbọ́. Ta ló ń tún alùpùpù ṣe tó báyìí nítorí ọdún kan?

Lánàá Kàrímù gbé e wálé, ó fi ẹsẹ̀ ta á kó dún, ó ní ó ti pé pérépéré. Inú Bàbá Kékeré dùn. Èmi gbọ́ ọ pé kò pé. Nígbà tiyín, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Báyìí, ohun kan ń rún lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni jẹ yanrìn. Àwọn ò gbọ́ ọ. Mo rò ó pé bí mo bá dákẹ́, kò ní kọjá Lọ́kọ́ja, a ó sì padà wálé. Mo tún rò ó pé ta ló mọ ibi tí yóò ti dá wa dúró, bóyá níwájú lọ́rì.

Mo ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Mo fi ẹnu dún un fún Kàrímù, bó ṣe wà nígbà tiyín, lẹ́yìn náà bó ṣe wà báyìí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó tú ẹ́ńjìnnì, ó sì fa bẹ́árìn kan tó ti là yọ.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Yèyé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wo irin tó tú ká nílẹ̀, wọ́n wo ẹnu mi. Wọ́n ní kí n tún un dún lẹ́ẹ̀kan sí i, ti ìgbà tiyín.

Mo dún un. Wọ́n pa ojú dé títí mo fi ṣe tán, wọ́n sì wọlé lọ di àpótí mi. Bàbá, ṣé wọ́n fẹ́ kí n dúró ni, àbí ẹ̀yin ni wọ́n ń sìn sọ́nà? Mi ò lè bi wọ́n. Bàbá Kékeré ti ra bẹ́árìn tuntun. Ọ̀túnla là ń lọ.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ń fura sí gbogbo èèyàn àfi ẹ̀yin nìkan.