Ọmọ Tí Ọkọ Mi Ń Pè Ní Nọ́ọ̀sì

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ mi síta. Ọkọ mi kò mọ̀ pé ọmọ wa obìnrin kò ṣe Biology mọ́ láti ìgbà tó ti wọ SS2. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, ó sì ti wà ní SS3 báyìí. Èmi ni mo lọ bá olùkọ́ wọn, mo ní bàbá rẹ̀ ti fọwọ́ sí i... irọ́ ni.

Ìjẹ̀bú-Igbó níbí la ń gbé. Ọkọ mi ń ṣòwò pákó, ó máa ń wọ igbó lọ sí apá Ogun Waterside fún ọ̀sẹ̀ kan. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kú lórí ìkúnlẹ̀, láti ìgbà náà ló ti ń pe ọmọ yìí ní Nọ́ọ̀sì. Ní ilé-ìwé wọn, àkókò kan náà ni wọ́n ń kọ́ Biology àti kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lọmọ gbọ́dọ̀ mú. Mo mọ̀ pé tí mo bá dárúkọ kọ̀ǹpútà, ọkọ mi á ní ṣé kí ọmọ òun lọ di ọmọ Yahoo ni. Ṣùgbọ́n mo ti lọ wo ọmọ náà ní kíláàsì rí. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ kò pọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé lé e lórí, ó ń fi ibi tí iṣẹ́ wọn ti wọ́ hàn wọ́n, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ nílé... ṣé kí n wá ba ìyẹn jẹ́ ni?

Tí ọkọ mi bá ti Jímọ̀ dé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, á ní kí Nọ́ọ̀sì wá ka orúkọ egungun ara fún àwọn. Ọmọ náà há a sórí láti inú ìwé ọmọ aládùúgbò. Á kà á, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Alájì, dókítà lẹ bí o, ẹ yéé pè é ní nọ́ọ̀sì. Èmi á wọ kíṣìnnì lọ.

Ìṣó wá gún ìyá ọkọ mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, lẹ́sẹ̀. Ọkọ mi ní kí Nọ́ọ̀sì wò ó. Kí lọmọ máa sọ? Ó ní kí wọ́n máa fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Ọkọ mi wọ igbó lọ, ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ìyá òun lọ síbì kankan, nọ́ọ̀sì wà nílé òun. Ẹsẹ̀ wú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Láàárọ̀ àná, ọmọ mi wá bá mi, ó ní Màámi, mi ò mọ ohun tí mò ń sọ o, ẹ gbé Màmá lọ. Mo fi kẹ̀kẹ́ márúwá gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n sì dá wọn dúró síbẹ̀ fún ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì ọsibítù tó tú ẹsẹ̀ náà bi mí pé ta ló ní kí ẹ máa fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Ó ní Màmá á rìn, inṣá Allāhu, ṣùgbọ́n ká ní a pẹ́ sí i, gígé ni.

Ọkọ mi ń bọ̀ lọ́la, Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa parí ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò àṣekágbá. Tí mo bá sọ fún un lọ́la, á wà ní ilé-ìwé láàárọ̀ Jímọ̀, á ní kí wọ́n yọ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fi Biology sí i, èyí tí ọmọ náà kò mọ̀. Tí mo bá dúró di Sátidé, kọ̀ǹpútà ti dúró nìyẹn... ṣùgbọ́n ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀? Ọmọ náà sì ti sọ fún mi pé òun ò ní ka egungun fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọkọ mi pè lẹ́ẹ̀kan láti inú igbó, lálẹ́ àná. Ó béèrè ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ní kí ni Nọ́ọ̀sì wí. Mo ní Nọ́ọ̀sì ní ó ń sàn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọkọ pàápàá, ṣé lọ́la ni kí n sọ ọ́, àbí Sátidé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí ó tó dé.