Awò Tí Wọ́n Fún Mi Ní Sinimá

Ọmọ mi, Ọ̀gá Òṣèré,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara rẹ le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àwa náà wà ní àlàáfíà níbí, bí o bá rántí pé a ṣì wà. Ẹlẹ́dàá kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá ti ń rẹ́rìn-ín, ibi gbogbo tí o bá sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ni wọn yóò ti máa pọ́n ọ lé. Àmín. Bàbá rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, nítorí ojú mi kò gbé ìwé kíkọ mọ́. Mò ń sọ, wọ́n ń kọ. Mo ti kìlọ̀ fún wọn pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n má fi iyọ̀ sí i, kí wọ́n má sì yọ ọ̀rọ̀ tó bá kàn wọ́n kúrò.

A lọ sí sinimá. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi télọ̀ tí kì í kúrò nídìí ẹ̀rọ, èmi àti bàbá rẹ, a wọkọ̀ lọ sí ìlú ní Sátidé tó kọjá, torí pé o fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sórí fóònù, o ní fíìmù rẹ tuntun ti jáde, kí a lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. A dúpẹ́. Ọmọ ẹlòmíràn á wá mú ìyá rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ níṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí a débẹ̀, mo bi ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà pé níbo ni a ti máa gba ìwé, ó ní kò sí ìwé, ó gba fóònù bàbá rẹ, ó tan iná pupa kékeré kan sí i bí ẹni ń yẹ ọ̀fun ọmọ wò, ó ní ó ti dára. Mo bá dúpẹ́ pé ara fóònù náà le.

Lẹ́yìn náà ló na awò ojú kan sí mi. Ọmọ mi, inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ ojú mi fún un o, mi ò tíì sọ pé awọ funfun ti ń bo ojú òsì, pé ọ̀tún náà ti ń tẹ̀ lé e, ó kàn wò mí lójú ó sì mọ̀. Mo ní irú ibi báyìí ló yẹ kí ìjọba fi ṣe ọsibítù, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń mú èèyàn jókòó sí títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Mo gbàdúrà fún un, mo gbàdúrà fún ìyá tó bí i, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún ọkọ tó máa fẹ́ ẹ kí àwọn tó wà lẹ́yìn wa tó ní kí a jọ̀ọ́ kí a máa wọlé. Ó fún bàbá rẹ náà ní ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe ojú bàbá rẹ, wọ́n ń rí ẹran nínú abọ́ ẹlòmíràn láti òkèèrè. Wọ́n gbà á náà, ó ṣe tán ọ̀fẹ́ ni.

Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn biribiri. Ilé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, wọn ò lè tan iná kan. Òtútù sì mú bí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹja sí. Ìwọ náà mọ bí a ṣe tọ́ ọ, èèyàn kì í wọ ibi tí àgbà àti ọmọdé jókòó sí kó má kí wọn, mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà mo ní ẹ kú ìjókòó o. Wọn ò dáhùn. Mo rò pé wọn ò gbọ́ ni, mo bá ń kí wọn ní ìlà kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń kọjá, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú òtútù, ẹ kú iṣẹ́ gúgúrú, nítorí gbogbo wọn ló ń rún gúgúrú bí ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún. Wọ́n ní ṣìì. Ọmọ mi, wọ́n ṣe ṣìì sí mi bí ẹni ń lé adìẹ. Àwọn tó kàwé nìyẹn.

Kí fíìmù rẹ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ fi èérún àwọn fíìmù mìíràn hàn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi pé èérún ni. Ọkùnrin kan já bọ́ láti orí òrùlé, wọn ò jẹ́ ká mọ̀ bóyá ó kú, wọ́n gbé obìnrin kan wá tó ń sunkún, wọn ò sọ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, ẹṣin kan sì sáré kọjá. Ọkùnrin orí òrùlé yẹn ni mò ń wá kiri. Nígbà tí fíìmù rẹ dé ìdajì, mo bi ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé ṣé wọ́n tiẹ̀ ti gbé e lọ sí ọsibítù. Ó dìde, ó lọ jókòó síbòmíràn.

Ní ti fíìmù yín fúnra rẹ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ariwo pọ̀ níbẹ̀ débi pé àga ń gbọ̀n lábẹ́ mi. Wọ́n ń yìnbọn, ilé ń jó, ọkọ̀ ń fò, kò sì sẹ́nì kan tó jẹun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkùnrin tó ni fíìmù náà, wọ́n lù ú, wọ́n jù ú sódò, wọ́n sọ iná sí i lára, ẹ̀wù rẹ̀ kò ya, bọ́tìnnì kan kò já. Mo fẹ́ mọ télọ̀ yẹn. Mo ti ń ránṣọ láti ìgbà tí mi ò tíì bí ọ, bí oníbàárà mi bá sín gidi, ó máa padà wá bá mi pé ojú rírán ti tú. Obìnrin tí ọkùnrin náà fẹ́ràn wá ńkọ́? Òjò pa á, ó rin gbindingbindin, ó ṣílẹ̀kùn wọlé, aṣọ rẹ̀ ti gbẹ, wọ́n tiẹ̀ ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Bàbá rẹ kò rí ìkankan nínú gbogbo èyí, nítorí wọ́n ti sùn kí ilé àkọ́kọ́ tó jó, wọ́n ń hanrun débi pé àwọn kan rò pé inú fíìmù ló ti ń wá. Wọn ò fẹ́ kọ ìyẹn, wọ́n ní ṣe ni àwọn dijú ronú. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́.

O sọ fún wa pé ipò ńlá ni wọ́n fún ọ. Mo dúró títí. Nígbà tó yá, ọkọ̀ ọ̀gá kan dé, awakọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn fún un, ó ní ẹ rọra o, sà. Ìwọ ni awakọ̀ náà. Ipò ńlá náà nìyẹn. O padà wọnú ọkọ̀, o lọ, a ò rí ọ mọ́, wọn ò sì sọ ibi tí o lọ. Kódà nínú fíìmù, o ò wá sílé.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún ọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ojú rẹ. Àwọn fọ́tò tí o ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù, bàbá rẹ ló máa ń sọ wọ́n fún mi, wọ́n á ní ó ń rẹ́rìn-ín, ó wọ ẹ̀wù búlúù, èmi á ní ó dáa, bẹ́ẹ̀ kùrukùru ni mò ń rí. Lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú awò yẹn lójú mi, orí rẹ tóbi tó ilé, o jáde kúrò lára ògiri, o ń bọ̀ wá bá mi, o sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí àpá iwájú orí rẹ, èyí tí o gbà nígbà tí o ṣubú lu ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mi. O ti rù. Kọ́là ẹ̀wù rẹ sì ṣẹ́ sínú lápá kan, gbogbo wọn ń wò ọ́, wọ́n jẹ́ kí ọmọ mi jáde síta gbangba bẹ́ẹ̀. Mo nawọ́ láti tún un ṣe. Orí ọkùnrin tó wà níwájú mi ni mo dì mú. Ó fò dìde, ó ní kí ló dé, mo ní kó má bínú, ọmọ mi ni mò ń bá tún kọ́là ṣe. Ó rọra jókòó.

Nígbà tó parí, ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà gbé apẹ̀rẹ̀ kan síta, ó ní kí kálukú dá awò padà. Mo ro ó pé ta ló ń dá oògùn padà fún dókítà. Bàbá rẹ dá tiwọn padà, èmi ti tèmi bọ inú báàgì. Bí mo ṣe délé, mo fi í sójú, mo mú abẹ́rẹ́ àti òwú. Òwú kò wọlé. Mo tún un ṣe títí ọwọ́ fi ń ro mí, òwú kò wọlé. Mo gbé awò náà fún bàbá rẹ pé kí wọ́n bá mi nù ún, bóyá ó dọ̀tí ni. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ṣàlàyé fún mi pé awò ìwòran lásán ni, pé òun ló ń jẹ́ kí àwòrán fíìmù dà bí ẹni ń jáde bọ̀ lára ògiri, pé ibẹ̀ nìkan ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. A ó dá a padà bí a bá tún dé ìlú.

Dókítà ojú ti dá ọjọ́. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa bó awọ funfun yẹn kúrò lójú mi. Ó ní kì í ṣe nǹkan bàbàrà, ṣùgbọ́n ojú ni, kì í ṣe etí aṣọ tí èèyàn lè tú kó sì tún rán. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo sọ fún ọ lórí fóònù, o ní ẹ ń ya fíìmù lọ́wọ́, o ní o máa fi owó ránṣẹ́. Èmi náà mọ ara mi, mi ò kọ lẹ́tà sí ọ rí kí n má tọrọ owó, ti òní náà kò ní lọ lásán. Owó ọkọ̀ ni mò ń tọrọ. Kì í ṣe tèmi, tìrẹ ni. Yọ ọ́ nínú èyí tí o fẹ́ fi ránṣẹ́, kí o fi wọkọ̀ wá. Sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn tó máa ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, iṣẹ́ náà kò le, bàbá rẹ gan-an lè ṣe é bí oorun ò bá gbé wọn lọ.

Ọ̀nà á là fún ọ. O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ohun tí o ń wá ní ìlú ńlá, o máa rí i, ojú ìyá rẹ náà á sì rí i.

Dókítà ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa tú báńdéèjì, pé ẹni tó bá dúró níwájú mi lọ́jọ́ náà ni màá kọ́kọ́ rí. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ bàbá rẹ, mo ti rí wọn tó. Wọ́n dáwọ́ kíkọ dúró nígbà tí mo sọ ọ́, mo rò pé wọ́n bínú. Wọ́n ní rárá o, kí n jẹ́ kí àwọn kọ ọ́ kó hàn gedegbe, àwọn náà ò fẹ́ kó jẹ́ àwọn.

Èmi ni ìyá rẹ.