Dísíkẹ́ẹ̀tì Tí Mo Fi Rán Waheed sí Èkó

Ilé Baba Ògúndípẹ̀,
Ọ̀nà Odìgbó,
Orè,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹta, 1999.

Wùnmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ń kọ́? Màmá ń kọ́, ṣé ẹsẹ̀ ò dùn wọ́n mọ́? Ní tèmi, ara le, ọkàn ni kò le. Má bínú pé mi ò tètè kọ̀wé.

Ṣé o rántí iléeṣẹ́ Íńtánẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ gbà mí ní Èkó? Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́, wọ́n ní kí n fi iṣẹ́ mi hàn kí oṣù Kejì tó parí. Odidi oṣù mẹ́jọ ni mo fi tún kánẹ̀lì ṣe, ọ̀gá inú kọ̀ǹpútà tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn ètò yòókù. Tí èèyàn bá béèrè ojú ìwé kan lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì, kánẹ̀lì á gbé e fún sáfà, ìyẹn ètò tó ń fi ojú ìwé dá èèyàn lóhùn, sáfà á tún gbé e padà fún kánẹ̀lì kó tó fi ránṣẹ́. Irú wàhálà wo nìyẹn! Ó dà bí ẹni tó ń kó kòkó bọ̀ láti Ajue, tó já a sílẹ̀ ní Odìgbó, tó tún ń kó o padà sínú ọkọ̀ kan náà. Mo ní kí kánẹ̀lì máa gbé e lọ tààrà. Wùnmí, kọ̀ǹpútà ògbólógbòó yẹn yára ní ìlọ́po méjì! Mo jó nínú yàrá.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iná dé, tó pọ̀ jù, kọ̀ǹpútà jóná pátápátá. Dísíkẹ́ẹ̀tì kan tí mo ti da iṣẹ́ náà kọ sí ló kù. Kò sí epo, mi ò rí ọkọ̀ wọ̀. Mo bá ṣe bí gbogbo wa ṣe ń ṣe ní Orè, mo fi rán awakọ̀ èrò Èkó kan tó yà jẹun, tí ọkọ̀ rẹ̀ ti kún. Waheed ni, lẹ́tà wa kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Mo kìlọ̀ títí: kó má tutù, kó má gbóná, kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé e.

Ó jẹ́ iṣẹ́ náà lóòótọ́. Àfi bí iléeṣẹ́ náà ṣe kọ̀wé sí mi pé òfìfo ni, pé ṣé mo ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àwọn ti gba ẹlòmíì. Mo bi Waheed níbi tó tọ́jú ẹ sí. Inú ẹ̀ ń dùn!

"Àǹtí Moyọ̀, ibi tó dáa jù ni mo tọ́jú ẹ sí o. Orí sípíkà ńlá ẹ̀yìn mi, ta ló máa jókòó síbẹ̀?"

Òòfà inú sípíkà ti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Kò mọ̀, èmi náà ò sọ fún un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo wọlé, mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Má sọ pé kí n tún un ṣe. Kí ni màá fi ṣe é? Wọ́n ní àwọn sójà máa gbé ìjọba sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún. Kí ló kàn mí níbẹ̀? Lọ́la, oko ẹ̀gẹ́ ni mò ń bá Màámi lọ.

Bá mi kí gbogbo ilé. Ìwé kánẹ̀lì tí o bá mi rà, má fi ránṣẹ́ mọ́. Wá ẹni tó ní kọ̀ǹpútà, kí o fún un.

Tìrẹ náà ni mo ṣì jẹ́,
Moyọ̀sọ́lá