Páìpù Tó Ya Kúrò Lára Àwọn Yòókù: Ìkẹ́dùn lórí Ẹnjiníà Olúṣèyí Ajíbóyè

Sí Ìyá Hephzibah àti gbogbo ìdílé Ajíbóyè,

Ọkàn wa wúwo bí a ti ń kọ ìwé yìí sí yín, àwa ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó pápá yìnyín àdúgbò, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń fi bàtà onírin sáré lórí omi dídì, ní ìlú Norcross. Ikú Ẹnjiníà Olúṣèyí, ọkọ yín, ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ṣì dà bí àlá lójú wa. Àìsàn ló ṣeé wò, a kì í rí tọlọ́jọ́ ṣe; síbẹ̀ ó dùn wá gan-an.

Ilé tí pápá yìnyín náà wà nínú rẹ̀ ti lé ní ogójì ọdún. Òrùlé ń jò, gílóòbù àtijọ́ ń yọ́ yìnyín láti òkè, ẹ̀rọ tó ń mú omi dì sì ń jẹ iná bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. A ti fẹnu kò pé bí iná náà kò bá dín sí ìdajì kí oṣù Kẹsàn-án ọdún yìí tó parí, a ó ti ilé náà pa títí láé. Ẹnjiníà, tó kàn ń gbé Hephzibah ọmọ rẹ̀ wá sáré lórí yìnyín lọ́jọ́ Sátidé, ló dìde ní ìpàdé. Ó ní ẹ̀rọ yẹn ń da ooru nù síta, pé bí a bá gbà á padà, yóò mú omi ìwẹ̀ àti gbọ̀ngàn àbáwọlé gbóná láìtan iná mìíràn.

Ọdún kan gbáko ló fi ṣe é, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Á dùbúlẹ̀ sórí yìnyín, á gbé etí lé e, á máa gbọ́ páìpù tó wà nísàlẹ̀. Bó bá rò pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́, á kí yìnyín náà ní Yorùbá pé ó kú iṣẹ́. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ó ní nílé àwọn, wọn kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ fi ní kí èmi Olútóyìn kọ ìwé yìí ní Yorùbá.

Ohun kan ṣoṣo ló bá wa jà lé lórí. Nínú àwòrán iṣẹ́ náà, páìpù omi gbígbóná kan ya kúrò lára àwọn yòókù, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ, ó sì parí síbi tí kò sí yàrá kankan. Àṣìṣe la pè é. Samirah, akọ̀wé wa, fi bírò pupa pa á rẹ́. Ìgbà yẹn nìkan la rí i tó le ojú mọ́ wa: "Ẹ bá mi fi páìpù yẹn sílẹ̀, ó ní ẹni tí mo ṣe é fún." A fi í sílẹ̀ kí àlàáfíà lè jọba.

Ọjọ́ Ajé la tan ẹ̀rọ tuntun. Ní Ọjọ́bọ̀, Ẹnjiníà sùn, kò jí. Nígbà tí yóò fi di àárọ̀ Sátidé, omi ti dì, ó funfun, ó dákẹ́, bí ẹni pé ìkùukùu sọ̀kalẹ̀ wá sùn nínú ilé. Mítà fi hàn pé iná ti dín ju ìdajì lọ. A kò ní ti ilé náà mọ́. Samirah lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì irin tó wà létí ògiri kó lè sunkún. Ó jókòó, ó dìde, ó tún fọwọ́ kàn án. Bẹ́ǹṣì náà gbóná.

Ìyá Hephzibah, bẹ́ǹṣì yín ni, abẹ́ rẹ̀ ni páìpù yẹn parí sí. Ibẹ̀ lẹ máa ń jókòó sí bí ẹ bá ti kúrò níbi iṣẹ́ òru ní ọsibítù, tí ẹ ń gbọ̀n nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì, tí ẹ kò gbà láti lọ dúró nínú mọ́tò, kí ọmọ má baà wẹ̀yìn kó má rí yín. Gbogbo wa la rí yín. Òun nìkan ló ṣe nǹkan sí i.

Ẹnikẹ́ni kò ní gé páìpù náà níwọ̀n ìgbà tí ilé yẹn bá wà, ẹ̀kọ́ Hephzibah lórí yìnyín sì ti di ojúṣe wa. Samirah ní ká bá òun tọrọ àforíjì fún bírò pupa.

Kí Ọlọ́run Olùtùnú má jẹ́ kí òtútù ọ̀fọ̀ yìí pẹ́ lára yín. Nígbà tí ẹ bá lè jáde, ẹ wá jókòó. Ó ṣì ń gbóná.

Olútóyìn Fádáhùnsi,
fún ìgbìmọ̀ pápá yìnyín àdúgbò, Norcross