Igi Tí Mo Fi Há Pátákó Abẹ́ Ọkọ̀

Ọjọ́rú, Àpòmù, lẹ́yìn Mágàríbì.

Rákà mẹ́ta péré, síbẹ̀ mi ò mọ èyí tí mo kí débẹ̀. Ọkàn mi wà l'Ékòó, lábẹ́ ọkọ̀ ìgbòkun ọ̀gá mi àtijọ́.

Àárọ̀ ni ọ̀gá pè mí. Pátákó irin abẹ́ ọkọ̀ náà ò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Bí kò bá sì wọnú omi, ẹ̀gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ á máa gbá ọkọ̀ lọ. Wọ́n ní, "Sákà tó gba iṣẹ́ títún ọkọ̀ ṣe lọ́wọ́ yín ló bà á jẹ́. Lọ́la ni mo máa lé e."

Mo ní, "Háà, ó mà ṣe o." Ẹnu mi yìí!

Igi ni. Nígbà tí mo pààrọ̀ wáyà tó ń fa pátákó náà sókè, mo fi igi há a kó má baà já lù mí. Mi ò yọ ọ́. Mo fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ náà ò sì tún jáde àfi lánàá.

Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo kọ́ Sákà níṣẹ́! Èmi tí mo máa ń pariwo mọ́ ọn pé kó ka gbogbo ohun tó kó wọ abẹ́ ọkọ̀ kó tó jáde.

Mo lọ sóko ní Wásinmi, mo kàn ń wo ẹ̀gẹ́ ni. Ìyàwó mi ní ṣé ara mi ò yá ni.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe Sákà ni. Mo ní kó tan iná wo inú ihò tí pátákó náà ń gbà sọ̀ kalẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, mo ti rí i látọ̀sán. Mo mọ bí ẹ ṣe máa ń gé igi yín."

Nọ́ńbà ọ̀gá ni mò ń wá báyìí.